Ìgò Tí Kò Dé Kànga Kankan

                                        Agbolé Oyèkọ́lá,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        27 Oṣù Kẹta, 1997.

Kọ́láwọlé ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tí a jọ jìyà ní Poli,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo gbọ́ pé irun kún orí rẹ̀. Kó yáa gbádùn rẹ̀ dáadáa kó tó di pé orí pípá tìrẹ ni yóò jogún. Ẹ kú ooru Ìbàdàn, ẹ kú ìyà epo mọ́tò. Níbí, ara ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ti ń jókòó, wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ, wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, nítorí náà dókítà ní wọ́n ti gbádùn. Mo máa dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. O ní ìyá wa ní Inisa, Ìyá Hameedat, àbúrò ìyá tó bí ọ, ránṣẹ́ sí ọ pé àwọn ará ìjọba ti kànga àwọn pa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára, wọ́n sì sọ ògì táwọn ń tà di májèlé lójú gbogbo ayé. O ní níwọ̀n ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìjọba ní Ìkìrun, kí n bá ọ wádìí òmùgọ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Mo wádìí, kò sì gbà mí lákòókò rárá. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

Jọ̀ọ́, má tíì ya á. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìparí oṣù kejì ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà wa yìí, láti Ìkìrun dé Inisa títí dé Òkukù. Onígbáméjì ni. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, ọ̀gá mi ní láàbù, tí wọ́n ti ń wo kòkòrò àìfojúrí láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa, ní kí n lọ bu omi wá láti inú kànga mọ́kànlá, kí á lè mọ ibi tí àrùn náà ti ń jáde. Wọ́n fún mi ní ìgò méjìlá. A ti se gbogbo wọn nínú ìkòkò irin títí tí kò fi sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú wọn mọ́. Omi tí a ti sè ni ọ̀gá mi rọ sínú ìkejìlá, wọ́n sì dé e. Òun kò ní dé kànga kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bá àwọn yòókù lọ, kó bá wọn bọ̀, kó sì jẹ́rìí pé ọwọ́ wa mọ́. Ìgò ẹlẹ́rìí là ń pè é. Bí kòkòrò bá fi lè hù láti inú tirẹ̀, a ò gbọdọ̀ gba ohun tí èyíkéyìí nínú àwọn tó kù bá sọ gbọ́.

Nítorí pé mo fẹ́ tètè jáde láàárọ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ ìgò náà lọ sílé. Kò yẹ kí n gbé e. Ìyá mi béèrè ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, mo sì ṣàlàyé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyà tí wọ́n jẹ lórí ẹ̀kọ́ mi kò ṣòfò. Wọ́n ń mi orí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nínú àlàyé mi ni pé ọmọ wọn ń lọ ká onígbáméjì mọ́lé.

Nígbà tí mo fẹ́ gbéra láàárọ̀, mo rí omi ṣín-ín-ṣín nísàlẹ̀ àwọn ìgò tó yẹ kó gbẹ. Mo rí i, Kọ́lá. Mo gbé ọ̀kan sókè, mo wò ó lójú oòrùn, mo ní ó ní láti jẹ́ pé wọn ò gbẹ tán lẹ́yìn tí a sè wọ́n. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà ti ń fun fèrè níta.

Mo bu omi, mo padà, mo kán an sínú àwọn àwo kékeré tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n hù. Lọ́jọ́ tó yẹ ká ṣí wọn, ọ̀gá mi lọ sí Òṣogbo. Ó yẹ kí n dúró dè wọ́n. Àmọ́ mo ti gbọ́ ní ọsibítù pé púpọ̀ nínú àwọn tó dùbúlẹ̀ ló mu ògì gbígbóná lọ́dọ̀ Ìyá Hameedat ní ibùdókọ̀ Inisa. Àwo omi kànga Ìyá Hameedat ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó kún. Mo fi awò wo kòkòrò inú rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí àmì kọ́mà, ó ń sáré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé wa. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Àwọn àwo tó kù, mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo mú wolé-wolé méjì, ó di Inisa. Mo wọ ẹ̀wù funfun láàbù lórí ọ̀kadà, kí eruku lè mọ irú ẹni tó ń kùn. Mo dúró létí kànga, mo sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn tó pé jọ. Ọ̀rọ̀ mi gùn. Ìyá Hameedat kò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, “Ṣẹ́gun, ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń tẹ̀lé Kọ́lá wá jẹun níbí? Omi wo lò ń mu nígbà náà?”

Mo ní, “Màmá, sáyẹ́ǹsì kì í wojú.”

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n fi ọmọrí irin bo kànga, wọ́n fi àgádágodo tì í. Wolé-wolé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà pupa fa ìlà àgbélébùú sí ara rẹ̀, mo sì gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìlà tirẹ̀ kò gún.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi dé, wọ́n ṣí àwọn àwo tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kún.

“Kànga mọ́kọ̀ọ̀kànlá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mu?”

“Òun ló pọ̀ jù, sà.”

Wọ́n gbé àwo ìgò ẹlẹ́rìí. “Èyí ńkọ́? Kànga wo lòun lọ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́.

“Mo ní kànga wo?”

“Kò lọ síbì kankan, sà.”

“Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́, ó kó onígbáméjì.”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Ṣẹ́gunfúnmi, lọ bá mi wádìí ibi tó sùn.”

Mo mọ ibi tó sùn. Mo lọ bá ìyá mi. Wọn ò tilẹ̀ fi pa mọ́, ṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Mo gbàdúrà sí i. Méjèèjìlá ni mo ṣí, mo kán omi àdúrà sí wọn díẹ̀díẹ̀ kí àrùn má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ṣé o rí i pé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?”

Omi àdúrà náà, inú kànga ìjọ wa ní Òkukù ló ti wá. Nígbà ìsọjí oṣù kejì, gbogbo èèyàn ló gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì pọn ọ́n bọ̀ wálé. Ibùdókọ̀ Inisa ni púpọ̀ nínú wọn ti sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n mu ògì sí ebi àwẹ̀. Ògì gbígbóná ni wọ́n jọ mu lójú ayé. Ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì wọn, kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró, mi ò bá má tijú tó báyìí. Àmọ́ Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pe ìyá mi ní Òkukù. Mo padà sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò dé àwọn ìgò náà dáadáa ni. Wọ́n ní kí n lọ tún omi bù, pẹ̀lú ìgò tó sun láàbù. Kànga Ìyá Hameedat mọ́ tónítóní, àwọn mẹ́wàá yòókù náà mọ́. Ọ̀gá mi kọ ìwé pé kí wọ́n ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo fi sínú àpò. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ṣí tibẹ̀, wọn yóò béèrè ibi tí àrùn náà ti wá gan-an, èmi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé wolé-wolé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìwé náà fi wà lápò mi. Mo da omi kẹ́ẹ̀gì ilé wa nù, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Ilé tiwa nìkan ni mo rántí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ẹni mẹ́rin tún dùbúlẹ̀ ní Òkukù. Ẹnì kan kò dìde mọ́. Akọrin ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Túnráyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Mi ò ní awàdà kankan láti fi sí ìlà yìí.

Ìyá mi lọ ṣèpàdé ní Òkukù lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n mu nínú omi náà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọn ò lè dá dìde. Wọ́n ń fa omi sí wọn lára ní ọsibítù, ètè wọn gbẹ, wọ́n sì ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fún àwọn ní omi àdúrà. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tó jẹ́. Mo sọ fún un. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá tí wọ́n wá kí ìyá mi dúró lẹ́yìn mi, mo sì bá wọn sọ ìyókù. Wọ́n na ọwọ́, mo yọ ìwé náà jáde lápò, ó ti rún. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi títí di ìsinsìnyí àyàfi nípa iṣẹ́.

A yẹ kànga ìjọ wò, kòkòrò náà gan-an la bá níbẹ̀; wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí apá òkè rẹ̀. Wòlíì wa gbọ́ ọ, wọ́n ní kí a dí i lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi ṣàlàyé ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́fà sá fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ ṣí kànga ní Inisa. Iná kò tíì jó lábẹ́ ìkòkò ògì láti ọjọ́ méjìlá. Mo dọ̀bálẹ̀, Ìyá Hameedat ní kí n dìde, kí n ṣe ohun tí mo wá ṣe. Àgádágodo ṣí, àmọ́ mo fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà pupa náà títí, kò lọ. Mo ní màá wá ọ̀dà funfun fi bò ó.

Wọ́n ní, “Fi í sílẹ̀. Bí o bá pa á rẹ́, wọ́n á ní mo fún yín ní nǹkan. Kọ òtítọ́ sí abẹ́ rẹ̀.”

Mo kọ ọ́ gàdàgbà: OMI YÌÍ MỌ́. ÌGÒ WA NI KÒ MỌ́. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n pe Hameedat, ó kà á sókè, àwọn èèyàn sì ti ń pé jọ bíi ti ọjọ́sí.

“Ìgò ta ni?”

“Ìgò wa, ohun tó kọ nìyẹn, Ìyá.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Àwọn wo? Èmi ò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí ò ń sọ̀rọ̀.”

Mo ronú kan ìyá mi lórí ibùsùn. Mo ronú kan ìjọba. Mo ha WA kúrò kó tó gbẹ, mo kọ MI síbẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí Hameedat tún un kà, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì wọlé lọ wá igi ìdáná. Wọn ò fún mi lómi. Mi ò béèrè.

Bá mi kí ìyàwó àti ọmọ. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ àwọn bá ti lágbára, Inisa ni ibi àkọ́kọ́ tí àwọn yóò lọ. Bí o bá wálé fún Iléyá, yà létí kànga kí o tó wọlé. Orúkọ tí o ní kí n bá ọ wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dà pupa kan náà ni mo fi kọ ọ́.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì gbà mí,

                                        Ṣẹ́gunfúnmi Oyèkọ́lá