Sí Ọpẹ́dayọ̀ ní Àbújá, Nípa Òkè Ẹyẹlé Tí Wọ́n Ní Àwọn Fẹ́ Fọ́

Abúlé Ìsàlẹ̀ Òkè Ẹyẹlé,
Ọ̀nà Ayewa, ilẹ̀ Bùnú.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kejì.

Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ mi,

Okun o. O kú iṣẹ́, o kú ooru, o kú àárẹ̀ ìlú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ojú ará ilé rẹ̀. Ọlọ́run tó yọ ọ́ lọ́wọ́ ìgbóná nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì kò ní fi ọ́ lé àwọn ará Àbújá lọ́wọ́. Ṣé ìyàwó rẹ wà dáadáa? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ṣé àbúrò wọn kékeré ti ń sọ èdè wa, àbí Gẹ̀ẹ́sì náà ló ṣì fi ń sunkún? Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí, ti òsì dára, òun ni mo sì fi ń gun òkè. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí mẹ́ta. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí atẹ́gùn ṣí lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì kàn án, inú oòrùn la ti ń yin Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé wàá máa sọ pé kí ló dé tí Màámi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà o, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ti ń bínú lórí fóònù, ìwọ a ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó kí o kà á.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ Òkè Ẹyẹlé, kí wọ́n sọ ọ́ di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sójú títì, èmi àti àwọn obìnrin abúlé yìí sì ti sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìwọ náà ránṣẹ́ sí mi láti ẹnu Babátọ́pẹ́, ọmọ abúlé wa tó ń bá wọn rìn, pé kí n fọwọ́ sí ìwé wọn, kí n gba owó gbà-má-bìínú, kí n sinmi. Mo gbọ́. Ìdáhùn mi ni RÁRÁ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí o má baà ní ìwọ kò rí i.

Ṣé o ti gbàgbé ni? Orí òkè yẹn ni àwọn baba ńlá rẹ sá sí nígbà ogun Núpé. Ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀, mi ò mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi lọ ọkà bàbà lórí àpáta títí ojú ọlọ fi jìn sínú rẹ̀. Mẹ́jọ ni ojú ọlọ náà. Ẹ̀kẹta láti apá ìlà-oòrùn ni ti ìyá tó bí ìyá ìyá mi, bí mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń mù mí dé ọrùn ọwọ́. Ìsàlẹ̀ òkè yẹn náà ni omi wa ti ń sun. Nínú oṣù yìí tí kànga gbogbo ti gbẹ, omi yẹn kò gbẹ, òun ni mo sì fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Babátọ́pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa dípò rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ mẹ́ta ni àwọn olóṣèlú ti gbẹ́ fún wa, ewúrẹ́ là ń so mọ́ wọn.

Ìwé tí ẹ ní kí n fọwọ́ sí yẹn, mo kà á o. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin kí wọ́n tó mú mi lọ sídìí òfì, má rò pé ẹnu lásán ni mo ní. Wọ́n béèrè orúkọ mi, mo kọ Florence. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí mi, mo kọ ọ́ pé mo dàgbà ju ẹni tó ń béèrè lọ. Wọ́n wá béèrè pé ta ni ìbátan mi tí wọn yóò ké sí bí ohunkóhun bá ṣe mí. Háà! Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe mí? Ara mi yá, mi ò rojọ́ orí fífọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì ó ń béèrè ẹni tó máa gbé òkú mi! Mo ju bírò nù, mo figbe ta, kí Babátọ́pẹ́ tó mọ̀, ilé ti kún.

Wọ́n tún ní kí n mú nọ́ńbà tí báǹkì fi dá mi mọ̀ wá, kí owó lè wọlé. Nọ́ńbà yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí. Mo pa á mọ́ débi pé nígbà tí báǹkì fúnra rẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní Kabba lọ́dún tó kọjá, mi ò sọ ọ́ fún wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà bẹ̀ mí, bẹ̀ mí, mo ní kò kàn án. Mo padà wálé láì gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àṣírí wa kò tú. Ṣé afọ́kùúta ni mo máa wá sọ ọ́ fún?

Ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni Tàòfíkàt, ọmọ Alfa Sùlèímánì tó ń ta aṣọ ní Kabba. Òun ni tíṣà ilé-ìwé wa báyìí. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bà á. Ó gbé ọ̀rọ̀ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n fọ́ òkè wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú tó wà nínú fóònù òun. Ó gbé fóònù náà fún mi pé kí n bá òun mú un dání kí òun lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èmi kò fi nǹkan falẹ̀. Mo lọ mú tàdáwà ìtẹ̀ka tó ṣẹ́kù sílé wa láti ọjọ́ ìdìbò, mo to àwọn ìyá àgbà mọ́kànlá, èmi pẹ̀lú wọn, mo sì kọ́kọ́ tẹ àtàǹpàkò tèmi mọ́ ojú fóònù náà kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí Tàòfíkàt tó dé, àtàǹpàkò mẹ́sàn-án ti wà lójú fóònù, ó sì dúdú kirikiri. Ọmọ náà kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo ní èmi ti ń tẹ̀ka láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i, kò tíì sí ìjọba kan tó ní mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kẹrosíìnì la fi nù ún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ó wá sọ fún wa pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti fọwọ́ sí i, láti Lọ́kọ́já, láti Mopa, láti Èkó, kódà láti Kánádà. Àyà mi là gààrà. Ẹni tó bá bá ọ dá sí ọ̀rọ̀ rẹ, àlejò rẹ ni, bó bá dé o gbọdọ̀ fún un lómi, kí o fún un lóúnjẹ. Ibo ni mo ti fẹ́ rí oúnjẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin? Mo lọ ka iṣu inú abà, méjìlélọ́gọ́fà péré. Mo ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò bàbá rẹ ní Ìkòyí ilẹ̀ Ìjùmú pé kí wọ́n yá wa ní ìkòkò ńlá. Tàòfíkàt ní wọn ò ní wá, pé inú fóònù ni wọ́n máa wà. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ará Kánádà, ṣùgbọ́n ará Mopa kì í gbọ́ oúnjẹ kó jókòó sílé. Ẹnìkan tún wà nínú wọn tó jẹ́ pé àwòrán ajá ló fi síbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà. Mo ní kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá yóò máa bá wa dá sí i. Tàòfíkàt búra pé ènìyàn ni, mo bá ní kí ajá náà jókòó.

Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà ò sùn. Wọ́n rán kiní kan wá láti òfuurufú, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń kùn bí oyin, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí òkè. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Okun níbí! Mo kí i pé okun o, kò dáhùn. Mo tún wí lẹ́ẹ̀kejì, mo ní bóyá ariwo ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́, kò dáhùn. Tàòfíkàt ní àwòrán ló ń yà, pé kò mọ ìkíni. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Bí wọ́n bá ń wo àwòrán wọn, ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa rí.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ni katakata àti ẹ̀rọ tó ń lu òkúta dé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn kò sí níbẹ̀ o, ọmọ mi. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Mo ní kí olúkúlùkù lọ sílé lọ gbé aṣọ òkú rẹ̀ wá.

O mọ̀ pé kò sí ìyá àgbà kan lábúlé wa tí kò ní tirẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, aṣọ òfì pupa tí a fọwọ́ ara wa hun nígbà tí ojú ṣì ń ríran, tí wọn yóò ta bo iwájú ilé wa lọ́jọ́ tí a bá lọ. O sì mọ òfin rẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá ti wà níta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún odó, kò gbọdọ̀ la igi, kò gbọdọ̀ fi irin kan òkúta, àfi ìgbà tí àkọ́bí olóògbé bá ṣí i. Ẹni tó bá sì ṣí i ti gbà pé òun ni àkọ́bí, òun ni yóò ra màlúù, òun ni yóò bọ́ gbogbo ará ibí fún ọjọ́ méje. A ta wọ́n kálẹ̀ lórí òkè. Tèmi, ẹnu ẹ̀rọ náà gan-an ni mo tà á bò. Mi ò ní purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi hun ún, lọ́dún tí bàbá rẹ kú.

Àwọn tó ń wa ẹ̀rọ, ọmọ Ìjùmú ni méjì, ọmọ Bùnú ni ọ̀kan. Bí wọ́n ti rí aṣọ, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Ọ̀gá wọn, tí kì í ṣe ará ibí, ní kí wọ́n ká a kúrò. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni àkọ́bí ìyá kankan níbẹ̀. Ó ní òun yóò ká a fúnra òun. Mo bá kí i dáadáa, mo ní ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa sin mí, màlúù mélòó lo mú wá? Àwọn ìyá yòókù dìde, gbogbo wọn ń pè é lọ́mọ, gbogbo wọn ń béèrè màlúù tiwọn. Ó wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè.

Ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lónìí, ẹ̀rọ kankan kò tíì dún. À ń gbà á jókòó ti aṣọ wa, àwọn Mùsùlùmí inú wa ń kírun níbẹ̀, àwa ń kọrin, kò sẹ́ni tó ní ohùn ẹnìkejì ti pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tó le ni pé àwa náà kò lè gún iyán. Ẹ̀bà ni gbogbo abúlé ń jẹ. Àwọn ọkùnrin ń kùn, mo ní kí ẹni tí ẹ̀bà bá sú lọ bá afọ́kùúta jẹun.

Wàyí o, Ọpẹ́dayọ̀, ìdí lẹ́tà yìí nìyí. Babátọ́pẹ́ wá lánàá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe nǹkan. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti gbọ́ òfin aṣọ, wọ́n sì ti ń wá àwọn àkọ́bí wa kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n ti wá bá ọ ní Àbújá, wọ́n fi iṣẹ́ ńlá lọ̀ ọ́ pé kí o wá ká aṣọ mi nílẹ̀, o sì ní o máa ronú sí i. Ronú! Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ìgbà tí mo ń rọbí rẹ lọ. Ohun tí ọ̀gá tó ní mọ́tò kò tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe, ìwọ ń ronú sí i.

Mi ò ní bá ọ jà, mi ò sì ní gbé ọ ṣépè, n kò ní èpè lẹ́nu fún ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n àkọ́bí kì í ṣí aṣọ ìyá tó wà láàyè. Ọjọ́ tí o bá ká a, mo ti kú nìyẹn. Nítorí náà mú màlúù dání, mú pósí dání, èmi yóò ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ náà dè ọ́, kí o sin mí níṣojú ọ̀gá rẹ tuntun kí wọ́n tó yin ẹ̀tù wọn.

Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ mi ni o ṣì jẹ́, fi owó tapólì ránṣẹ́, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ kò sì gbọdọ̀ pa aṣọ. Fi owó gààrí sí i, àti owó tí Tàòfíkàt yóò fi tún fóònù rẹ̀ ṣe, ó ní kẹrosíìnì ti wọnú rẹ̀. Kó wọn fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Kabba. Bí o bá lè tẹ̀lé owó náà wá fúnra rẹ, àyè wà lórí ẹní mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o jẹ oúnjẹ tí yóò há ọ lọ́fun. Iṣẹ́ tí yóò gbé ọ ga tí kò ní rẹ ilé rẹ sílẹ̀, yóò wá ọ rí. Àwọn ọmọ rẹ yóò mọ ibi tí wọ́n ti bí ọ, wọn yóò sì bá a nílẹ̀. Kò sí àìsàn kankan lára mi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ọ pé mo kú, wo ọwọ́ ara rẹ bóyá aṣọ wà níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Florence.