Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tíì Bọ́jú

Àjàṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Kọ̀ǹpútà tí mo ń tún ṣe kò ní ojú tí à ń wò. Okùn kan ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí tèmi. Bí mo bá tàn án, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́, èmi náà á yọ iná rẹ̀.

Lónìí Màmá ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, o fẹ́ kó máa rojọ́. Ṣé ó ti bọ́jú ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò yọ iná rẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mò ń wo òjò lórí ọ̀sà. Ẹnu àyálò ló kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, ìyẹn ọ̀nà kékeré tó ń lò kó tó jí tán. Nígbà tí ẹnu tirẹ̀ gan-an ṣí, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, àtèyí tí kò rí sọ nígbà tó dákẹ́.

Bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà àìsàn wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń kí wọn, màá sì kọjá.

Lọ́la, màá jókòó.