Lántánì Ọ̀sán ní Ìdí Àgbadá Dòdò

Ìkirè,
Oṣù Kọkànlá, 1992.

Ọmọ́wùmí, Àbíkẹ́ mi,

Bí ènìyàn bá kí òṣìṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́ nítorí kí iṣẹ́ lè pọ̀ sí i, ṣé ìkíni náà ṣì jẹ́ ìkíni? Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, ìwọ ni mo sì mọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn òṣìṣẹ́ ní yunifásítì. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní Èkó kò ní tòògbé. Ìyá rẹ kí ọ, ìbàdí rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ funfun ti bímọ.

Nígbà tí o wá fún Àjíǹde, o sọ pé àwọn òyìnbó kan fi kún iná ilé iṣẹ́, iṣẹ́ sì pọ̀ sí i. O fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà ni mọ́tò rẹ dé. Èmi kò fi í ṣeré. Salome, obìnrin ará Àpòmù tó ń bá ìyá rẹ dín dòdò, ti ń sọ pé òun fẹ́ padà sílé, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ nídìí àgbadá mọ́. Bí Salome bá lọ, dòdò ilé wa parí nìyẹn. Mo bá gbé lántánì méjì kọ́ sí ìdí àgbadá lọ́sàn-án gangan, mo sì jókòó tì wọ́n kí atẹ́gùn má baà pa wọ́n. Mùkáílà télọ̀ ń kọjá lọ, ó ní ṣé oòrùn Ìkirè kò tó Bàbá mọ́ ni. Mo ní kí ó máa lọ, ìmọ̀ ìwé ni.

Àbíkẹ́, ó ṣiṣẹ́. Salome ń dín, ó ń kọrin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń ṣẹ́kù di alẹ́ ń tán kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, mo pa àwọn lántánì náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ kò sì dín kù. Ó rú mi lójú. Mo wá lọ sí oko kòkó ní Araròmí-Òwu fún ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà tí mo fi dé lánàá, Salome ti di ẹrù rẹ̀.

Mo ní bó bá jẹ́ ti lántánì ni, n ó tún tàn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí lántánì sinmi. Ó ní ibi tí mo ti ń ṣọ́ iná mi ni mo ti ń bi òun bóyá èéfín ń ta òun lójú, tí mo ń béèrè ọmọ òun, pé láti ìgbà tí òun ti dé ilé yìí, dòdò nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun. Mi ò bá dákẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé nítorí iṣẹ́ ni mo ṣe gbé lántánì wá. Ojú rẹ̀ yí. Ó ní ìbéèrè tí mo ń bi òun yẹn ńkọ́, ṣé tòun ni àbí ti dòdò? Mo mú lántánì kan, mo ń nu ojú rẹ̀. Ó ní ó dáa, ilẹ̀ yóò mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ ńlá yóò gbà ọ́, wọn yóò ní kí o máa béèrè àlàáfíà àwọn òṣìṣẹ́. Bá mi wò ó bóyá orí kan wà nínú ìwé rẹ fún ohun tí Salome bi mí. Jọ̀wọ́, fi owó kẹrosíìnì rán Ọláníyì awakọ̀ sí wa, ẹ̀kọ́ rẹ ti mu èyí tó wà nílé tán. Ojú tí o bá fi ń wo ènìyàn, òun ni kí Ọlọ́run fi máa wò ọ́.

Bàbá rẹ,
Barnabas Gbádégẹṣin.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìyá rẹ ṣì ń sùn, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń la igi nídìí àgbadá ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti pa àtùpà. Mo ń lọ kí i.