Ìlà Kan Tí N Kò Yà Sórí Àwòrán

Iná-dé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, àti pé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára tán, ebi kì í jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ. Ara tiwa náà dá ṣáṣá, àfi orúnkún mi tó máa ń bá mi jiyàn nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kọ lẹ́tà tó gùn bí òpó iná.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ìjọba ti yan ìgbìmọ̀ yín láti wádìí bóyá ó ṣeé ṣe kí ọ́fíìsì kan ṣoṣo máa darí pípín iná mànàmáná káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, dípò kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. O ní ìwọ ni wọ́n ní kó kọ àbájáde rẹ̀, àti pé òpin oṣù yìí lẹ máa fi lé wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo fi lẹ́tà náà han ẹni tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé wa, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ọjọ́ náà. O ní o ti ń tẹ̀ sí ìdáhùn pé ó ṣeé ṣe, nítorí pé àwòrán ìlà iná ìlú wa pé pérépéré, èyí tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, òun lẹ sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìlú yòókù. Háà! Ọmọ mi, àwòrán yẹn kò pé.

Ṣé o rántí yàrá ìdarí iná tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì? Tí o bá ti ilé ìwé dé, wàá jókòó sábẹ́ tábìlì mi, wàá máa fi ìka tọ àwọn ìlà pupa àti ìlà búlúù lórí àwòrán yẹn lára ògiri. Òórùn ibẹ̀ ṣì wà nímú mi: epo tiransifọ́mà, eruku, àti tíì tí a máa ń gbàgbé sórí sítóòfù. Tẹlifóònù dúdú ńlá kan wà lórí tábìlì. Ètò wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í gun òpó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè mí láti ibi tẹlifóònù tó bá sún mọ́ ọn jù, kó bi mí pé, "Ṣé ó ti kú?" Èmi á pa ìlà náà, màá wo ògiri, màá ní, "Ó ti kú." Òun náà á tún un sọ fún mi kó tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an ni, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ẹni tó ń pè mí jù ni ọ̀rẹ́ mi, ọ̀gá àwọn agunpó tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó, tí gbogbo ẹ̀yin ọmọdé ń pè ní Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ nítorí bó ṣe ń sáré gùn ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ìjì wó òpó méjì lórí ìlà kẹrin, ìlà tó ń gbé iná lọ sílé ìwòsàn. Ìyá rẹ wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Jẹnẹrétọ̀ wọn kọ̀, kò dún. Nọ́ọ̀sì kan pe tẹlifóònù dúdú yẹn, kò mọ̀ pé èmi gan-an ni ọkọ aláboyún náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, obìnrin kan wà lórí tábìlì." Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé àkàbà rẹ̀. Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, níbi tí ìlà keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà kẹrin, ó fa wáyà láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó fi suwíìṣì sí i. Wọ́n ní bí gílóòbù ṣe tàn ni gbogbo wọn pariwo, "Iná ti dé!" tí ìwọ náà sì figbe ta. Bí o ṣe di Iná-dé nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta la ní ká fi í síbẹ̀. A kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi yà á sórí àwòrán. Nígbà tí wọ́n tún ìlà kẹrin ṣe tán, a rí i pé iná ilé ìwòsàn kì í ṣẹ́jú mọ́, a bá fi í sílẹ̀.

Nígbà tí o pé ọmọ ọdún márùn-ún, Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ so wáyà kan lórí ìlà kẹrin. Ó pè mí: "Ṣé ó ti kú?" Mo pa á, mo wo ògiri, mo ní, "Ó ti kú." Irọ́ tí mo fi pamọ́ fún àwọn ọ̀gá, èmi fúnra mi ni mo gbà á gbọ́. Òun náà kò rántí, torí ohùn mi ló gbọ́kàn lé. Iná gba ìlà keje wá bá a lókè, ó jó o lọ́wọ́ òsì. Okùn ìbàdí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó já bọ́. O máa ń di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, wàá máa bi í léèrè ìdí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń dán. Ó ní búrẹ́dì gbígbóná lòun jí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí.

Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn yẹn kan náà ló ti sọ fún mi pé, "Ọ̀rẹ́, tí a bá sọ ọ́, iṣẹ́ àwa méjèèjì ti lọ nìyẹn. Tí a bá sì já a, àwọn aláìsàn ló máa jìyà ẹ̀." A wá ti suwíìṣì náà ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ kan fún mi, ọ̀kan fún un. Láti ìgbà náà, ẹnu la fi ń gbé e: ẹ má fọwọ́ kan kẹrin láìpa keje. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fi àwòrán ìlà iná tí mo yà sínú férémù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn agunpó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti ṣí lọ. Ọdún tó kọjá la sin Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ku èmi nìkan.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi tiẹ̀ ti fi ọdún mọ́kànlá lé e. Àárọ̀ yìí ni mo tó sọ fún ìyá rẹ. Ó ní, "O gbé odidi òpó mì láti ọdún yìí wá, orúnkún rẹ ò ṣe ní máa dùn ọ́?" Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Nítorí náà, ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe, ó sì dára, nítorí ìlú tí iná pọ̀ fún lè fún èyí tó wà lókùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó sí ọ́fíìsì yẹn kò ní mọ ohùn ẹni tó wà lórí òpó, àwòrán nìkan ló máa rí, yóò sì ní, "Ó ti kú." Kò sí ìlú tí kò ní irú èmi àti irú Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wá wọn kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bá yín rìn láti òpó dé òpó nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn. Kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àwòrán ìlú wa kò pé, kí o sì kọ ọ́ pé bàbá rẹ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bo àṣírí mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí o bá gbọ́kàn lé kò ní já ọ kulẹ̀ bí mo ṣe já ọ̀rẹ́ mi kulẹ̀. Wàá pẹ́ láyé, wàá sì jẹun kánú lónìí.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì ń dáhùn tẹlifóònù dúdú yẹn lójú àlá.

Àfikún: Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà nínú àpòòwé yìí. Èyí tó ní okùn dúdú ni tèmi. Èkejì, ìyàwó Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ló mú un wá fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní ọrùn ọkọ òun ló máa ń wà, kò sì sọ ohun tó ń ṣí fún òun rí. Òpó kẹsàn-án ni, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, tòun ti orúnkún mi.