Ọpẹ́ Tí Ọkọ Mi Kò Dú

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ìyá wa ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn dé ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, orí mi ṣì ń wú bí mo ṣe ń kọ èyí. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, rédíò ní ọkọ mi, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba pé wọ́n fòfin de ìyanṣẹ́lódì. Ọkọ mi tó jókòó tì mí! Búrẹ́dì há sí i lọ́fun.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ní, “Bí mo bá dákẹ́, mo ti sọ ọ́ nìyẹn.”

Ó lọ sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, ó sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni. Wọn ò tíì pàtẹ́wọ́ fún un tán tí ọlọ́pàá fi jù ú sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo dé àgọ́ wọn, ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín sí mi pé, “Ìyàwó wa, ọkọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ẹ̀ ń dùn.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fáwọn oníwèé ìròyìn ọ̀dọ̀ yín kí wọ́n béèrè rẹ̀. Níbí, ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Olúwa á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Èmi àbúrò yín obìnrin.