Ẹsẹ̀ Iwájú Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Bàbá mi. Èmi Ráṣíìdì, ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo, ni mo dọ̀bálẹ̀ láti Mówè níbí, mo sì fi àyà kan ilẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò àná ti sọ iwájú ilé wa di ẹrọ̀fọ̀. Màámi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Àǹtí Sídíkátù, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ̀yin tí ẹ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Àfáà tó máa ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sí Bàbá létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìlà kankan.

Bàbá, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ẹ ò gbé fóònù mi. Bí mo bá pe Màámi pé kí wọ́n gbé e fún yín, wọ́n á ní ẹ ń sùn. Mo pè láàárọ̀, ẹ ń sùn. Mo pè lọ́sàn-án, ẹ ń sùn. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀ kì í sùn báyẹn, Bàbá, mo mọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo Ìwó gbọ́ ọ. Níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ ò ní lè ní kí Àfáà dákẹ́.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo gé ẹsẹ̀ iwájú píkọ́ọ̀pù yín tí ẹ fi sọ́wọ́ mi. Àǹtí Sídíkátù wá kí wa ní Mówè, wọ́n bá mọ́tò lórí búlọ́ọ̀kù láìní táyà níwájú, wọ́n kò sì bi mí ní ìbéèrè kan. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì ti pe Ìwó kí n tó bu omi mímu fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba: n kò gé e. Mo tú u ni. Ẹni tó bọ́ bàtà kì í ṣe ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an ni mo sì ṣe é fún. Àṣàkẹ́ ọmọ mi ti lé lọ́mọ ọdún kan, ó ti ń rìn, ẹ kò sì tíì fojú kàn án. Ẹ ní ìbàdí yín kò gba bọ́ọ̀sì mọ́, ẹ ní bí kò bá ṣe píkọ́ọ̀pù yín, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ kankan wá sí Mówè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Iléyá tó kọjá, mo fi píkọ́ọ̀pù yẹn gbé yín láti ilé dé yídì péré, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ẹ ò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rí yín. N kò fẹ́ kó jẹ́ inú fọ́tò nìkan ni Àṣàkẹ́ á ti mọ̀ yín. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n wá ẹsẹ̀ iwájú tó dára sí i, èyí tó lè gbé ìbàdí yín láti Ìwó dé Mówè láìsí ìrora. Gbogbo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Fèrèsé alumíníọ̀mù ni mo ṣì ń ṣe, ilé tuntun sì pọ̀ ní Magboro bí olú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ọ̀nà. Bí òjò bá ti rọ̀, ojú ọ̀nà inú àdúgbò á di kòtò, èmi á sì máa gbé gíláàsì kọjá nínú rẹ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ tuntun. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni àdánìkanwà máa ń ṣe mí jù. Gbogbo ilé á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì látàárọ̀, ìyàwó mi á ti gbé ọmọ lọ kí àwọn òbí rẹ̀, á wá ku èmi àti ewúrẹ́ onílé. Ewúrẹ́ náà kì í sì í fẹ́ bá mi jókòó.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìbàfò ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ mọ àwọn awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ iwájú mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní sípíríǹgì. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n ju pé wọn kò tó lọ, pé ká fi awẹ́ nípọn méjì kún un. Ó ní ẹsẹ̀ tó le ni ẹsẹ̀ tó dára. Ó fò gun bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi hàn mí, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò mì. Ó dà bíi pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, mo gbà.

Kí n má baà fi yín dán an wò, mo bẹ Bàbá Onílé wa. Ọmọ bíbí Mówè ni wọ́n, ẹgbẹ́ yín ni wọ́n, ìbàdí sì ń dun àwọn náà. Mo gbé wọn síwájú, a forí lé ọ̀nà Ọ̀fàdà. Bí a bá ti bọ́ sí kòtò, mo bi wọ́n pé báwo ni, wọ́n á ní ó dára, Ọlọ́run á jẹ́ ká lò ó pẹ́. A bọ́ sí kòtò ńlá kan, fìlà wọn bò wọ́n lójú, wọ́n ní o kú oríire. Inú mi dùn débi pé mo ti ń múra láti wá gbé yín lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Ọlọ́run ló yọ yín. Ní Tọ́sìdé, Ìyá Onílé pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ọkọ wọn ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí a ti jáde yẹn, ìdojúbolẹ̀ ni Bàbá ń sùn, àwọn sì ti fi odidi agolo róòbù pa wọ́n lára. Mo bú sẹ́kún díẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbàlagbà wo ló máa bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tuntun ọmọdé? Bí táyà bá yọ lọ́la ńkọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé ẹnu àwọn ló mú un? Ìgbà yẹn ni mo rántí oníbàárà mi kan ní Magboro, tí gíláàsì rẹ̀ là lójú ọ̀nà, tó ń sọ fún mi pé kò burú, pé ìlà yẹn tilẹ̀ bá a lára mu.

Bàbá, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ rírì ẹnu yín. Nígbà tí mo fi owó iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ra bàtà, tí gbogbo ilé ń kí mi, ẹ̀yin lẹ bi mí bóyá wọ́n ti mú ẹni tó tà á fún mi. Ó dùn mí nígbà náà. Òótọ́ lẹ sọ, kò lò ju oṣù méjì lọ.

Wọ́n júwe ọ̀gá jórinjórin kan fún mi ní Ifọ̀. Ní tirẹ̀, kò sí àtúnṣe, ká gé gbogbo iwájú píkọ́ọ̀pù dànù, ká fi iwájú bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ jó o mọ́ ọn, tòun ti sípíríǹgì rẹ̀ tó ká bí ejò, tó sì rọ̀. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó gbé mi sínú èyí tó ti ṣe, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù lóòótọ́. Èkejì tó ṣe wà nílẹ̀ pẹ̀lú, táyà rẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn bí ẹni tó ń ṣòfófó. Kí n tó ronú tán, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí ẹgbẹ́ ṣáásí, egungun irin tó gbé mọ́tò yín ró, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé IBÍ NI. Ohun tí a tú, a lè dá a padà, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé ti lọ nìyẹn. Mọ́tò náà kì í sì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ín wà láyé. Mo sọ fún un pé màá kọ́kọ́ bi bàbá mi. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, mo ní ogójì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo wa mọ́tò yín kúrò níbẹ̀, mo sì tú awẹ́ Ìbàfò yẹn kúrò fúnra mi níwájú ilé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Àǹtí Sídíkátù dé. Ká sòótọ́, wọ́n rí ìlà funfun náà, wọ́n sì ka ohun tí ọ̀gá Ifọ̀ kọ síbẹ̀. Èmi náà ni kò sáré nù ún. N kò bínú sí wọn mọ́.

Mo dá táyà padà, Asese ni ọ̀nà wá là. Obìnrin kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, Sísítà Fúnmi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ẹsẹ̀ mọ́tò nìkan ló ń ṣe. Ó gbàdúrà lórí sípánà rẹ̀ ná, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn kò bi mí: ta ni mo fẹ́ fi gbé? Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé wọ́n sanra? Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ wọlé? Ìbàdí apá ibo ló ń dùn wọ́n?

N kò mọ̀ ọ́n. Bàbá, ojú tì mí níwájú obìnrin yẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń jẹ́ ọmọ yín, n kò sì mọ apá ibi tó ń dùn yín. Mo pe Màámi, ẹ ń sùn, wọ́n ní apá òsì ni.

Sísítà Fúnmi fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní kò sí ohun tí a fẹ́ gé. Ìpẹtà ti lẹ àwọn awẹ́ irin náà pọ̀ mọ́ra wọn, wọn kò lè tẹ̀ mọ́. Rọ́bà àárín wọn ti tán, àwọn ṣọ́kì tó yẹ kó máa gba ìjàǹbá kòtò sì ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé. Ó yọ àwọn awẹ́ àtijọ́ tó ti pẹtà kúrò, ó fi èyí tó gùn tó sì fẹ́lẹ́ rọ́pò, ó fi rọ́bà tuntun àti ṣọ́kì onígáàsì sí i. Ó ní ohun tí gíláàsì ń fẹ́ náà ni ìbàdí arúgbó ń fẹ́. Ẹ má bínú sí i, òun ló pè yín ní arúgbó.

Ó wá ku ìdánwò. Bàbá Onílé gbé ìrọ̀rí wá, wọ́n sì dágbére fún ìyàwó wọn bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má tẹ́tí sí ẹnu wọn, ara wọn ni kí n máa wò. N kò bi wọ́n ní nǹkan kan. A dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, mo gbọ́ nǹkan, mo rò pé ẹ́ńjìnì ni. Bàbá ń hanrun ni. Ènìyàn lè yin nǹkan nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń hanrun láti fi tẹ́ ọmọdé lọ́rùn.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Gbogbo ará àdúgbò ti wá kí mi, wọ́n ní ẹ kú oríire, kò sí ẹnì kan tó rí àlèébù níbẹ̀. Bàbá, ó ti sú mi. Mo ń wá ẹni tó máa sọ fún mi pé kò dára.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, màá ti dé ẹnu ọ̀nà yín kí oòrùn tó mú. Bí ẹ ò bá fẹ́ wọlé, ẹ má wọlé. Ẹ sáà jáde, kí ẹ fọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Bí ẹ bá sì wọlé, ẹ bú mi. Ẹ bú mi láti Ìwó dé Ìbàdàn, kí ẹ bú mi láti Ìbàdàn dé Mówè, ẹ sọ pé n kò mọ ọkọ̀ wà, ẹ sọ pé Sísítà Fúnmi tàn mí jẹ. Ẹ má bínú, sà, ni màá máa sọ. Gbogbo kòtò ọ̀nà yìí ni mo lè fara dà, ṣùgbọ́n n kò lè fara da kí ẹ dákẹ́ sí mi mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún yín ní ara líle, ìbàdí òsì yẹn náà á sì gba àánú. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ kí gbogbo ará ilé lọ́mọdé lágbà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, Àṣàkẹ́ ń juwọ́. Àfáà, ẹ ṣé tí ẹ kà á dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú Bàbá dáadáa, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gé nǹkan kan,
Ráṣíìdì, ní Mówè.