Bàbá, Kì í Ṣe Ṣọ́ọ̀kì Ló Kù fún Ẹsẹ̀ Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ara tí kò le. Ibi tí mo wà yìí, ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú àìsùn. Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi, o kú wàhálà. Ẹ̀yin ará ìjọ ní Ìkòyí-Ilé, tí Bàbá mi jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn fún, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o.

Bàbá, mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ, inú yàrá ló yẹ ká ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbé fóònù mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti ní n kò ní fi ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́. Bí mo bá pe Màámi, wọ́n á ní ẹ ń sinmi. Irú ìsinmi wo ni ìyẹn, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá pè nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀? Mo sì mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kì í ra ìwé ìròyìn yìí, pé Fúnmi ló ń kà á sí yín létí nísinsìnyí tí ojú yín ń ṣe bàìbàì. Fúnmi, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú tán, kí o sì máa kà á lọ.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun tí apá wa ò ká mọ́, tí ẹ ta ọ̀kadà yín, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ ra kẹ̀kẹ́ ológeere kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun orí òkè. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ wọ sùtánà funfun, ẹ gbé àpò Bíbélì kọ́ apá, ẹ dúró ti kẹ̀kẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo fi han ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó ní baba mi jọ ẹni tó ń lọ sí ìdíje. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹ fi ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí-Ilé láti bójú tó ìjọ. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà ní ìjọ wa kì í sì í wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni ẹ fi ń wà á. Pẹ́dàlì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, eyín irin ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ nínú ẹrẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ń kú, pé ó ń ṣe yín bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ẹ ní ọ̀nà Ìkòyí ló ń gbọ̀n yín jìgìjìgì. Gbogbo ayé gbà, nítorí ta ni kò mọ ọ̀nà náà? Arákùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe nínú ìjọ yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò, ó ní ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú, irin onísípíríǹgì tó wà níwájú tó yẹ kó máa gba kòtò sára dípò yín. Ó ní ọmọ yín tó wà nídìí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ lókè òkun ni kó fi ojúlówó ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì kò kúrò lẹ́nu yín mọ́. Ẹ bi mí bóyá èyí tó dára á ṣe yín láǹfààní. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí mo ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, òkè ló yí i ká. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi ti ilé. Á kàn máa sẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, òtútù á sì wọ eegun. Èmi ni mò ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ àwọn tó lọ fi òkè ṣeré, mo ń tú ṣọ́ọ̀kì wọn palẹ̀, mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti sán tán. Àwọn ará ibí kì í ṣe ènìyàn burúkú, wọ́n á bi mí pé báwo ni, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí n kò bá gbàdúrà, n kò ní fi èdè wa la ẹnu.

Bàbá, àwọn kan wà tí ṣọ́ọ̀kì ńlá yẹ fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ fò láti orí àpáta bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń sáré wọ kòtò tí ẹ̀yin á sọ̀ kalẹ̀ fún. Bí irin iwájú wọn kò bá dára, wọ́n á ṣẹ́ lápá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa kì í ṣe irú wọn. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbí, etí odò ló ti máa ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, ó ra èyí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ó padà wá pé ọwọ́ ṣì ń dun òun. Ọ̀gá mi kò bá a jiyàn. Ó dín atẹ́gùn inú táyà rẹ̀ kù, torí ó ti le bí òkúta, ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ó ní kó má fi gbogbo ara tì í mọ́. Ìrora náà lọ. Ṣọ́ọ̀kì tuntun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán, kò níṣẹ́ tó ń ṣe.

Tiyín náà, ẹ má bínú, wíwa jẹ́jẹ́ ni, pẹ̀lú iṣu tí àwọn ará ìjọ dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fún yín. Ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀ á kàn máa mu agbára ẹsẹ̀ yín bí ẹ bá ń gun òkè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa tẹrí ba fún yín dípò kó lọ. Eruku á wọnú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá yín tú u. Bí ara yín bá le koko, táyà tó nípọn, tí atẹ́gùn rẹ̀ mọ níwọ̀n, ti tó yín. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi ti yọ̀ǹda ọ̀kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ohun tó dá mi dúró ni pé Màámi sọ fún mi pé orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni ẹsẹ̀ yín ti ń kú. Kò sí kòtò lórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá, pé ẹ ń dìde tọ̀ nígbà gbogbo. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ jẹ́rìí nínú ìjọ. Fúnmi fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ dúró níwájú pẹpẹ, ẹ ní bí ẹ ṣe dé Ìkòyí-Ilé ni ẹ rí ẹ̀jẹ̀ létí sùtánà yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ wò, ẹ rí i pé eyín pẹ́dàlì ti gé àtẹ́lẹsẹ̀ yín jìn, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ ní irin gé yín, Olúwa gba ìrora rẹ̀. Gbogbo ìjọ hó halelúyà, wọ́n lu agogo, wọ́n jó. Èmi náà ti fẹ́ ṣe àmín nínú yàrá mi níbí kí ẹ̀rù tó bà mí.

Ẹ̀yin ará ìjọ, n kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àdúrà yín ló gbé mi dé ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ìrora ni ọlọ́dẹ tí Ọlọ́run fi ṣọ́ ara wa. Bí ọlọ́dẹ bá sùn, kò túmọ̀ sí pé olè kò wọlé. Ẹ da omi àdúrà sí egbò náà, ẹ fi òróró pa á, Bàbá sì ń fi ẹsẹ̀ kan náà wa kẹ̀kẹ́ lọ, torí pé kò dùn wọ́n.

Obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan wà níbí tí a ń pè ní Àlàájà, nọ́ọ̀sì ni. Òun nìkan ló ń bá mi sọ Yorùbá. Mo fi àwòrán egbò yín hàn án. Ó wò ó, ó wá bi mí bóyá baba mi ń tọ̀ púpọ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni, òun ló ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àti ojú. Ó ní bàtà ló ha ẹ̀gbọ́n òun tó ní àìsàn náà lẹ́sẹ̀, ẹni tó ní ìsọ̀ aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ gé ọrùn ẹsẹ̀, ó kọ̀. Nígbà tó máa fi gbà, ìdibàjẹ́ egbò ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì gbé e lọ. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó kàn ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Ní báyìí dókítà ti sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹrà, kí wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún kó tó gòkè. Ẹ kọ̀, ẹ padà sílé. Ẹ rán Màámi sí mi pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé ẹ kò lè dúró níwájú pẹpẹ lórí ẹsẹ̀ kan, pé kí n fi ṣọ́ọ̀kì ránṣẹ́ kí ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bí egbò bá jinná.

Òótọ́ ni òwe yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í ṣe orí. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lè jókòó sórí àga kó wàásù. Ó lè jẹun, ó lè bínú sí ọmọ rẹ̀, ó lè kọ̀ láti gbé fóònù. Bí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì yìí ránṣẹ́, ẹ óò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ óò máa wò ó, ẹ óò máa sọ pé lọ́la, lọ́tùn-únla, títí egbò yẹn á fi gbé yín lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fi ránṣẹ́.

Ẹ tún ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n gé yín, kí n wá dúró tì yín. Mo fẹ́ wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, bí mo bá jáde báyìí, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ tí a fi ń ra oògùn yín á sì lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún baba. Èmi àkọ́bí yín ló yẹ kó kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí yín lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè yín. Bí ó bá jẹ́ nísinsìnyí, orí fóònù ni n óò ti máa wò ó, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, n kò lè gbé e.

Dókítà ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kò tíì pẹ́ jù. Ẹ bá Fúnmi lọ. Ẹ buwọ́ lùwé fún wọn.

Ọlọ́run á fi ọgbọ́n sọ́wọ́ àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ óò jí lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ óò sì bèèrè oúnjẹ. Màámi, Ọlọ́run á gbé yín ró. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn àbúrò Bàbá ní Ọ̀yọ́, ẹ kí gbogbo ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì fẹ́ di aláìníbaba,

Olúgbénga